Àwa Onígbàgbọ́ Tó Ń Kọ́ Sàíkọ́lọ́jì, Kí La Máa Sọ ní Ọjà'ba?

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó. Láti kékeré ni àwa mẹ́ta tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń rajà. Nígbà ìsinmi tó kọjá, a yà kí i. Ó bi wá léèrè ohun tí à ń kọ́ ní fásitì. A ní sàíkọ́lọ́jì ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ní ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ọmọ ènìyàn ni. Ìyá gbé kóńgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò wá lójú, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, tí nǹkan bá ń ṣe ọkàn ènìyàn, ta ló yẹ kí a kọ́kọ́ ké sí, Ọlọ́run ni àbí dókítà?"

A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá sọ fún wa pé àbíkẹ́yìn òun, tí òun náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò rí oorun sùn mọ́. Ọmọ náà ní nǹkan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, ó ń ta òun bí ata. Bí ó bá ṣí ìwé, ojú rẹ̀ á máa rí i, ṣùgbọ́n kò ní wọlé. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, ó ti lo ọ̀sẹ̀ kẹta níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ó máa gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ ohun tí a fèsì. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ẹ máa gbàdúrà, Màmá, Ọlọ́run á ṣe é." Ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àìsàn lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló wà. Ẹnì kẹta kàn ń wo ilẹ̀. Ọdún kẹta wa rèé nínú ẹ̀kọ́ yìí, gbogbo wa la sì ní ipò nínú fẹlóṣíìpù. Síbẹ̀ kò sí èyí tó lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ìyá elélùbọ́ lè mú lọ sílé. Ojú tì wá títí a fi dé Bẹẹrẹ. Ìtìjú náà ló jẹ́ ká kọ èyí.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́kíṣọ̀ á sọ fún wa nípa Freud, ẹni tó kọ ìwé kan ní 1927 pé ẹ̀sìn kò ju àlá tí ọmọ ènìyàn ń fi tu ara rẹ̀ nínú lọ. A ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, ẹnì kan á dìde ní fẹlóṣíìpù, á ní ẹ̀mí òkùnkùn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. A ó ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bi wá ní ọjọ́ kankan pé báwo ni àwọn méjèèjì ṣe ń gbé nínú orí kan. À ń gba máàkì lọ́hùn-ún, à ń ṣe àmín níhìn-ín, ọkàn wa sì balẹ̀. Àfi ìgbà tí ìyá kan gbé kóńgò kalẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lókè òkun. Láti 1965 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kan ní California, Fuller, ti dá ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì sílẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ìwé yìí bá ìwé yẹn mu. Ìbéèrè Ọjà'ba yàtọ̀: ta ni ká kọ́kọ́ lọ bá, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ta ni ojú yóò tì bí àwọn ará agbo ilé bá gbọ́?

Ìbéèrè náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Láti ìgbà tí David àti Anna Hinderer ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853 ni ìwé àti àdúrà ti jọ ń gbé ìlú yìí. Ẹ wo àwọn ọmọ Akínyẹlé méjì. Alexander, ẹ̀gbọ́n, ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, òun náà ló sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Isaac, àbúrò, fi Áńgílíkà sílẹ̀, ó bá àwọn aládùúrà lọ, ó di ààrẹ Ìjọ Àpóstélì ti Kristi, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Nínú ìjọ Isaac nígbà náà, àdúrà nìkan ni ìwòsàn, kò sí àgbo, kò sí oògùn òyìnbó. Kódà, ọ̀kan nínú ohun tó da àwọn àti àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú ní nǹkan bíi 1939 sí 1940 ni pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì fún ibà. Ẹ fojú inú wò ó: ìjọ pín sí méjì, oògùn ibà sì wà lára ohun tó fà á.

Ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì láti fi àwọn bàbá wọ̀nyẹn ṣẹ̀sín. Àwa kò ní ṣe é. Nínú àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ni ẹgbẹ́ àdúrà tó bí ìjọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí dókítà pàápàá kò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n dì mú, wọn kò sì jẹ́ kí aláìsàn dá wà. Àṣìṣe tiwa ni pé a jogún ìpinnu wọn, a kò wo ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ìyá elélùbọ́ má rí dókítà lónìí kò sí ní ipò tí wọ́n wà ní 1918. Láti Ọjà'ba dé UCH, máíkírà kan tàbí méjì ni.

Ibi tó dùn wá jù rèé. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń sọ pé orí ń ta àwọn, nǹkan ń rìn níbẹ̀, ìwé kò sì wọlé mọ́. Ó pè é ní "brain fag". Àwọn àgbà wa ti ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ọdẹ orí. Roger Mákanjúọlá sì kọ̀wé lé ọdẹ orí fúnra rẹ̀ ní 1987. A kọ́ gbogbo èyí. Ó jáde nínú ìdánwò, a yege. Ìyá wá sọ ọ́ fún wa lẹ́nu ara rẹ̀, lédè Yorùbá, pẹ̀lú èèrà àti ata inú rẹ̀, a kò dá a mọ̀! A kò sọ pé ohun tó ń ṣe ọmọ náà nìyẹn o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà. Ohun tí à ń sọ ni pé kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ẹ̀kọ́ wa lè dé ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́.

Bí ẹ bá sì rò ó dáadáa, èlùbọ́ náà wà nínú àìsàn yẹn. Owó kóńgò kọ̀ọ̀kan ni ìyá fi rán ọmọ lọ sílé ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí ìwé, àwọn ará ilé ló jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ta ló máa rí ìwé kà níbẹ̀? Wòlíì tó ní àwọn ará ilé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ó súnmọ́ òtítọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọmọ náà. Ìfẹ́ wọn ló wúwo lórí rẹ̀.

T. Adéoyè Lambo mọ èyí. Ní 1954 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arọ́, ní Abẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó wà láyìíká. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ láì fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ti pè é ní ọlọ́jú méjì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, òun ni gíwá fásitì Ìbàdàn ní 1968.

Ìwádìí tó tún súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Oyè Gureje ti fásitì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Ìbàdàn níbí àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2020. Aláìsàn 307, tí iyè wọn ti ra, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń fi àdúrà wò wọ́n. Ní àwọn ibì kan, òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń tọ́jú aláìsàn. Ní àwọn ibì kejì, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n àìsàn ti àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ 53.4, ti àwọn kejì jẹ́ 67.6. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ara ṣe yá tó. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dá àdúrà dúró. Ẹnì kan kàn wọlé pẹ̀lú oògùn ni.

A gbọ́ yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ó ní a fẹ́ sọ pásítọ̀ di nọ́ọ̀sì. A tún gbọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú kíláàsì tí wọ́n ní kí a má bá ilé àdúrà da nǹkan kan pọ̀, nítorí ṣẹ́ẹ̀nì. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀nì kì í ṣe irọ́. Ní 2019, Human Rights Watch kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kárí Nàìjíríà, ní ibi tí Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́, oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ìjọba pàápàá ń darí. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2023. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ọ̀nà Bẹyẹrunka. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni pásítọ̀, ìyá ìjọ àti àwa.

Fún àwa Onígbàgbọ́, ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí a máa jiyàn? Ọkùnrin tó ń gbé láàárín ibojì nínú Máàkù orí karùn-ún, ará ìlú ló fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é. Jésù kò dè é. Orúkọ rẹ̀ ló béèrè. Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19 ní kí Ọlọ́run pa òun. Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù fún un, kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ. Ká ní fẹlóṣíìpù wa ni Èlíjà wá ni, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni à bá fún un.

Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fún ọmọ fẹlóṣíìpù ní ààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun, bóyá ikú ń wá sí i lọ́kàn. Bí ìdáhùn bá burú, kí ẹnì kan tó mọ ọ̀nà ọsibítù bá a lọ lọ́jọ́ náà, kí ó sì bá a gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí ó bá wù wọ́n. Kí àwọn olùkọ́ wa náà kọ́ wa bí a ṣe ń bi ènìyàn nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lánàá lè jẹ́ aláìsàn, ó sì lè jẹ́ ìyá wa àgbà lásán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti àdúrà òru. Ẹni tí kò bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní mọ ìyàtọ̀. Níbẹ̀ ni àwa wúlò sí.

A padà lọ bá ìyá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ní kí wọ́n má bínú, pé a kò dáhùn ohun tí wọ́n béèrè. A ní, "Màmá, Ọlọ́run náà ni kí ẹ ké sí, a ó bá yín ké sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà rí i lọ́sẹ̀ yìí." Wọ́n ní ṣé pásítọ̀ kò ní bínú. Ẹnì kan nínú wa bá wọn lọ. Pásítọ̀ dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ta ló máa mú un padà wá fún àdúrà ọjọ́ Sọ́ńdè?" Ẹni tiwa ní òun ni.

Ọmọ náà ti ń sùn. Ìyá ní oorun náà ti pọ̀ jù, pé oògùn yẹn le. A ní kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà bí wọ́n bá padà lọ. Títí di òní, bí a bá yà níbẹ̀, wọ́n á tún bi wá pé nínú àwọn méjèèjì, èwo gan-an ló ṣe é. A kò tíì rí èsì kan fún wọn. Wọ́n á wò wá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọn èlùbọ́, wọ́n á bu ènì sí i.