Ẹ Jẹ́ Kí Gáàdì Náà Mọ Iṣẹ́ Abẹ́ Apẹ̀rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Jos, ìlú tó fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, ojú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní ìta gbangba máa ń rí nǹkan. Ìka á le, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ bọ́, atẹ́gùn á sì máa ṣí èyí tí wọ́n bá jù láti òkèèrè lọ́nà. Síbẹ̀, jíju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ gáàdì ọ̀dọ́ ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Gíga ni ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń pín iṣẹ́: ọmọ tó bá ga, abẹ́ apẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ga, kó ṣe gáàdì, kó máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Gólì ni Hakeem Olajuwon ń ṣọ́ l'Ékòó, ó sì ń gbá háńdìbọ́ọ̀lù, kó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá. Yóò kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, yóò fi èjìká ṣe bí ẹni fẹ́ yà sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò tún ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú. Alátakò á fò lásán. Ìgbà náà ni Hakeem á tó gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ohun tó fi gba ife NBA ní 1994 àti 1995 nìyẹn.

Ta ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀? Gáàdì ni! Kobe Bryant ti gba ife NBA mẹ́rin kó tó lọ bá Hakeem ní Houston ní 2009. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Kobe ga, Mark Jackson kò ga tó o. Gáàdì náà ni, ó sì máa ń fi ẹ̀yìn ti alátakò rẹ̀ lọ síwájú títí tí NBA fi ṣòfin pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ.

Èrè iṣẹ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kò mọ sí góòlù nìkan. Gáàdì ló mọ bọ́ọ̀lù pín jù nínú ẹgbẹ́. Bó bá gbà á nítòsí apẹ̀rẹ̀, tí alátakò kejì sáré wá dènà rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò rí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀.

Jos, ìlú tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Plateau Peaks, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí fo àwọn ọmọ rẹ̀ dá. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Orí kọnkéré tó wà nílẹ̀ tó: kí ọmọ fi ẹsẹ̀ kan mú ilẹ̀, kó máa fi ìkejì yí, lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù fún un. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ nínú ìgbáradì kọ̀ọ̀kan, tí gáàdì yóò bọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ga yóò sì máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ wá bá a.