Ẹni Tó Ń Kó Ọjà Wá Kì Í Ṣe Ẹrú Ilé-iṣẹ́

 

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta kó páálí wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró lẹ́nu géètì. Máníjà ní àfi kí ẹni tó ni páálí dín owó rẹ̀ kù kí àwọn tó já ẹrù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù mẹ́ta. Abẹ́ ọkọ̀ ni àwọn awakọ̀ ń sùn. Kò pẹ́, ọkùnrin náà dá òṣìṣẹ́ méjìlá dúró. Nígbà tó yá, kò kó páálí wá mọ́. Ẹ̀rọ tiwa náà dúró, wọ́n ní ká lọ jókòó sílé láìgba owó.

Àwọn kan á ní bí òwò ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹ wo Toyota ní ilẹ̀ Japan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní ìlú Kariya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun kékeré kan tí bíréèkì ọkọ̀ ń lò. Ọ̀dọ̀ Aisin ni Toyota ti ń rà á, kì í sì í kó ọjà jọ púpọ̀ sí sítọ́ọ̀. Kíá ni iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan bí igba ilé-iṣẹ́ dìde láti bá wọn ṣe é, títí kan Brother tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ti ń lọ padà.

Kí ló fà á? Toyota náà máa ń ní kí iye owó ọjà wálẹ̀, ṣùgbọ́n a máa rán àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ kọ́ wọn bí yóò ṣe wálẹ̀, a sì máa bá wọn ṣe pẹ́. Ti General Motors yàtọ̀. Ní 1992, López, ọ̀gá tó ń bá wọn ra ọjà, fa ìwé àdéhùn ya, ó ní kí gbogbo wọn dín owó kù. Owó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń tajà fún wọn kò fi fọkàn tán wọn mọ́.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni Toyota. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ló ṣe iṣẹ́ tọ̀sán-tòru lọ́sẹ̀ náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ká fi méjì yìí kún ohun tí a ń béèrè: kí wọ́n san owó ọjà nígbà tó yẹ, kí wọ́n sì já ẹrù lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ má ní kò kàn wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.