Ọjọ́ Eré Àwọn Síkáòtù Kékeré: Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣe É, Kí A sì Ṣe É Dáradára

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn òbí kan béèrè pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ṣe ọjọ́ eré kan fún àwọn ọmọ Síkáòtù kékeré, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 10. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà dára. Àwọn kan ní eré ọmọdé kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ àgbà. Àwọn mìíràn kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Èrò tiwa ni pé kí a ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ẹ̀rù ń bà lóhùn, nítorí àwọn ni wọ́n ní ẹjọ́ jù. Ìjọba ìbílẹ̀ Chikun ni a ń gbé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Júláì 2021, nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, ní Damishi, ni àwọn ajínigbé ti kó ọmọ ilé-ìwé 121 lọ ní òru. Òbí tí ó bá gbọ́ irú èyí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgọ́ inú igbó mọ́, a kò sì lè bá a wí. Nítorí náà, kí ó má ṣe sí àgọ́, kí ó má sì ṣe sí ìsùn òru. Kí a wá pápá ilé-ìwé tí ó ní odi àti ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo, láàrin ìlú, láti agogo 9 òwúrọ̀ sí agogo 1 ọ̀sán. Kí á kọ orúkọ ọmọ bí ó ti ń wọlé, kí á sì kọ orúkọ ẹni tí yóò wá mú un lọ. Bí kì í bá ṣe ẹni náà ni ó dé, kí á má ṣe fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Kí àgbà méjì máa wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo.

Ní ti ọjọ́, ọ̀pọ̀ ni ó fẹ́ 22 oṣù Féríwárì, ọjọ́ tí a bí Baden-Powell ní 1857. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2026 àti 2027, oṣù náà àti ààwẹ̀ Ràmàdáánì pàdé, àwọn ọmọ Mùsùlùmí wa sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Sátidé kẹta oṣù Jánúárì. Ọyẹ́ yóò mú ní òwúrọ̀, kí ọmọ wọ ẹ̀wù tí ó nípọn. Koríko yóò sì ti gbẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá iná.

Irú eré wo ni kí wọ́n ṣe? Nígbà tí Baden-Powell pa àgọ́ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Brownsea ní 1907, ọmọkùnrin 20 ni ó kó jọ, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà papọ̀. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1915. Ní 1916 ni wọ́n dá ti àwọn kékeré sílẹ̀ ní ìlú òyìnbó, wọ́n sì fi ìtàn ẹranko inú igbó tí Kipling kọ ṣe ìpìlẹ̀ eré wọn, mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì ń pín wọn. Àwa náà ní ìtàn igbó tiwa. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Nínú rẹ̀, Àkàrà-oògùn àti àwọn akọni mẹ́fà rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó. Mẹ́fà náà nìyẹn.

Kí olórí eré jẹ́ Àkàrà-oògùn. Ní ibùdó Kàkò alágbára, kí wọ́n fa okùn. Ní ti Ìmọ̀dóye, kí wọ́n pa àlọ́. Ní ti Olóhùn-iyọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orin ilé rẹ̀. Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti dá ohùn ẹyẹ mọ̀, kí wọ́n sì fi ewé mọ igi dongoyaro yàtọ̀ sí máńgòrò. Ẹ̀fọ́ìyẹ́ jẹ́ tafàtafà. Kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù aṣọ sínú agbọ̀n dípò ọfà. Òtútù ni ó ń mú Àràmàǹdà-òkùnrin nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíràn. Bí olórí bá ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde.

Àwọn kan ń bínú pé Síkáòtù ń bọ ara wọn ní ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọwọ́ asà ni ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó bá nà án ti gbé asà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Kí a kọ́ ọmọ pé láàrin Síkáòtù nìkan ni èyí wà. Bí ó bá rí àgbà, kí ó dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ó kúnlẹ̀.

Ẹni tí ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ó rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí níbí ni a ń kí ní Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. A kò ní kí wọ́n gbàgbé Hausa. Èdè ìlú tí ó gbà wá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi ara rẹ̀ ṣe Kàkò ní ọjọ́ kan yóò béèrè ẹni tí Kàkò í ṣe nígbà tí ó bá délé.

Kí ó má sì jẹ́ ti ọmọ Yorùbá nìkan. Láti ìgbà ìjà ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣí kúrò ní ìhà kan odò Kaduna lọ sí ìhà kejì, àwọn ọmọ tí kò mọ ara wọn sì ń dàgbà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rẹ́ kan wá, ìbáà ṣe ọmọ Gbagyi, Igbo tàbí Hausa. Ohun tí yóò mú àlàáfíà wá bá ìlú wọn ni àwọn akọni wọ̀nyẹn wá lọ sí Láńgbòdó, kò sì sí ẹni tí ó dá nìkan lọ nínú wọn.

Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Àkàrà, kúnú àti omi mímọ́ tó. Kí àwọn télọ̀ wa gé aṣọ ọrùn láti inú àgékù aṣọ, kí á má sì ṣe lé ọmọ kankan padà nítorí àìní yunifọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá lè ràn wá lọ́wọ́, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.