Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Nínú Iyanrìn Boukoki

Àbúrò mi kan ní Boukoki, ní Niamey, fẹ́ fi owó tó ti ń tọ́jú ra àlòkù kẹ̀kẹ́ enduro, irú èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, kó lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó." Mo gùn ún yíká àdúgbò. Ó dára lóòótọ́: mo gba inú kòtò kọjá, ìdí kò ro mí, táyà rẹ̀ fẹ̀, kò tètè rì sínú iyanrìn.

Síbẹ̀, mo ní kó má rà á. Àwọn tó ń fi eré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè olókùúta ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú. Ó wúwo tó kílò 15, díẹ̀ nínú agbára ẹsẹ̀ sì ń bá ṣọ́ọ̀kì lọ. Eruku ọyẹ́ ń jẹ rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì rẹ̀ dúró. Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ìkóríta wa mọ táyà àti ṣéènì dunjú, ṣùgbọ́n kò ní irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì.

N kò sọ pé ohun tó dára kò tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ká tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe.