Ta Ló Ni Ìtàn Tí Orlando Ń Tà?

Nínú gbogbo ohun tuntun tí wọ́n ti ṣí ní Orlando láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti rọlẹ̀, Tiana's Bayou Adventure ló yẹ kó gba ipò kìíní. Inú ọgbà Magic Kingdom ni ọkọ̀ ojú omi yìí wà, Disney sì ṣí i ní ọjọ́ 28 oṣù June ọdún 2024. Òun kọ́ ló yára jù, òun kọ́ ló ga jù, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti dé ìlú náà ni yóò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n ìtàn ni Orlando ń tà láti ọjọ́ kìíní oṣù October ọdún 1971 tí Walt Disney World ti ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí ọjà ìtàn tó, ó yẹ kó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ pa ìtàn náà, ẹni tí wọ́n fi ṣe akọni inú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀.

Kò sí bí a ṣe lè fojú kéré Epic Universe. Ọjọ́ 22 oṣù May ọdún 2025 ni Universal ṣí i. Bí a bá yọ ọgbà olómi kan sílẹ̀, òun ni ọgbà ìgbafẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́ sí Orlando láti ọdún 1999. Ìlú kéékèèké márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: Celestial Park ní àárín, ìlú eré Nintendo, ìlú àwọn oṣó inú ìtàn Harry Potter, erékùṣù àwọn dírágónì, àti Dark Universe tí àwọn abàmì inú fíìmù àtijọ́ ń gbé. Stardust Racers, ọkọ̀ méjì tó ń bá ara wọn figagbága lórí irin, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 133, eré rẹ̀ sì ń dé máìlì 62 ní wákàtí kan. Ibì kan wà lókè níbẹ̀ tí ọkọ̀ méjèèjì ti ń yí po ara wọn, tí orí èrò inú wọn ń dojú kọlẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ni, owó tí wọ́n ná sí i sì hàn lára rẹ̀.

Àmọ́ kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá mú bọ̀ láti ibẹ̀ ju ẹ̀rù àti ìdùnnú lọ? Eré kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ́ ìlú kan, fíìmù tó ti pawó ni wọ́n fi kọ́ mẹ́ta mìíràn. Tron, ọkọ̀ orí irin ti Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní oṣù April ọdún 2023, náà ò yàtọ̀: irú rẹ̀ ti wà ní Shanghai láti ọdún 2016. Eré sísá lásán sú ni kíá.

Ti Tiana kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ láìsọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Splash Mountain ni wọ́n ń pè é, ó sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1992 títí di oṣù January ọdún 2023. Fíìmù Song of the South, tí Disney gbé jáde ní ọdún 1946, ni wọ́n ti mú ìtàn inú rẹ̀. Bàbá adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Uncle Remus ló ń pàlọ́ fún ọmọ òyìnbó nínú fíìmù náà, lórí oko ńlá kan tí ohun gbogbo ti tutù tí ó sì dára, bí ẹni pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni rí lórí irú oko bẹ́ẹ̀. James Baskett ló ṣe Uncle Remus. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ní Atlanta, kò lè sí níbẹ̀, nítorí òfin ìlú náà kò fàyè gba kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Disney fúnra rẹ̀ kò ta fíìmù yìí fún wíwò nílé rí ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọgbà tí gbogbo ayé ń kó ọmọ wá.

Ṣùgbọ́n fíìmù ló jẹ̀bi, àlọ́ kò jẹ̀bi. Joel Chandler Harris, akọ̀ròyìn ará Georgia tó tẹ àwọn àlọ́ náà sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1880, kì í ṣe òun ló pa wọ́n. Ẹnu àwọn ẹrú lórí oko ló ti gbọ́ wọn, àwọn ẹrú sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Áfíríkà. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ bí Ehoro inú àwọn àlọ́ náà ṣe gbá ère ọ̀dà létí tí ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn kò ní béèrè pé níbo ni ìtàn yìí ti wá. Ìjàpá tó lọ jalè, tó sì lẹ̀ mọ́ ère tí wọ́n fi àtè kùn, ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ọ̀dà náà ti di èébú sí adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí Disney fi oyin rọ́pò rẹ̀ ní Splash Mountain. Nígbà tó sì di ọdún 2023, wọ́n kó Ehoro àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tòun ti ìyókù jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún àwọn èrò pé ohun ìní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò wọn tóótun. Tiana, láti inú fíìmù ọdún 2009, ni ọmọbìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọọba Disney. Lára ẹni tí wọ́n wò kí wọ́n tó dá a ni Leah Chase, ìyá olóúnjẹ ní New Orleans tó kú ní ọdún 2019. Nílé oúnjẹ rẹ̀, Dooky Chase's, ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ dúdú àti funfun ti ń jókòó pọ̀ jẹun tí wọ́n sì ń gbèrò nígbà tí òfin sọ pé èèwọ̀ ni. Nínú ìtàn ọkọ̀ ojú omi náà, Tiana ti kúrò lọ́mọ ọ̀dọ̀ tó ń lá àlá ilé oúnjẹ: ó ti dá ilé-iṣẹ́ oúnjẹ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní ìpín nínú rẹ̀ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn olórin ló ń wá káàkiri inú àbàtà fún àsè Mardi Gras. PJ Morton, ọmọ New Orleans gan-an, ló kọ orin tuntun fún un. Níbo ni wọ́n tún ti ń fi obìnrin dúdú tó ń ṣòwò, tó ń gba èèyàn síṣẹ́, han ọmọdé láàárín ọgbà ìgbafẹ́?

Àléébù rẹ̀ wà. Kò sí ọ̀tá nínú ìtàn náà, kò sí ìṣòro tó ń mú ọkàn ẹni fò, nítorí náà nígbà tí ọkọ̀ bá já wálẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50, èrò kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó fà á. Àlọ́ Ehoro sàn jù ú níbi èyí: ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ju òun sínú igbó ẹ̀gún, àti ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà, ló sọ jíjá yẹn di ìtàn. Disney ì bá ti wá ọ̀nà tí Tiana fi máa pàdé alárékérekè kan nínú àbàtà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ Tiana wúwo tó báyìí ni pé Orlando kò fi ààyè púpọ̀ sílẹ̀ fún Áfíríkà àti ọmọ rẹ̀. EPCOT, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1982, ní ilé orílẹ̀-èdè 11 yí adágún rẹ̀ ká, Morocco nìkan ló sì ti Áfíríkà wá nínú wọn. Wọ́n ti ṣètò ilé Áfíríkà kan nígbà náà, Alex Haley tó kọ ìwé Roots sì bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí Áfíríkà gúúsù Sàhárà ní Disney, Animal Kingdom ni yóò lọ, kó lọ wo kìnnìún àti erin lẹ́yìn ìlú àfinúrò kan tó ń jẹ́ Harambe. Ẹranko wa wà níbẹ̀. Ọba wa, onígbẹ̀du wa, aláró wa kò sí.

Àwọn òbí tó ń gba físà, tí wọ́n sì ń san nǹkan bí 200 dọ́là lórí ẹnì kan fún ọjọ́ kan ní àsìkò Kérésìmesì, lẹ́tọ̀ọ́ láti bi Disney léèrè ilé Áfíríkà yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ti kéde pé òun yóò kọ́ ìlú tuntun fún àwọn ọ̀dájú inú fíìmù òun ní Magic Kingdom. Bí owó bá wà fún ìyẹn, kò sí ìdí tí kò fi ní sí fún ilé tí wọ́n ṣèlérí ní ohun tó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn.

Kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹni tó bá gbé ọmọ dé Orlando gbé e dé Eatonville. Kò tó máìlì 10 sí àárín Orlando. Àwọn adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú dá ìlú náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1887, ibẹ̀ sì ni òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston dàgbà sí. Òun ló padà wá síbẹ̀ láti kó àlọ́ tí àwọn àgbà ń pa ní ìloro ilé ìtajà jọ, tó tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1935 nínú Mules and Men. Òun kan náà ló lọ bá Oluale Kossola sọ̀rọ̀ ní Alabama, bàbá tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Yorùbá ni, láti agbègbè Banté ní Benin, tí ọkọ̀ akẹ́rú Clotilda gbé dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1860. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, Barracoon, jáde ní ọdún 2018.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ Hurston sọ wà ní Eatonville, àwọn ará ìlú náà sì ti ń ṣe ayẹyẹ ní orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1990.