Àgbàlá Kì í Ṣe Ilẹ̀ Àfiṣòfò

Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ sọ, àwọn kan nínú yín yóò wí pé iṣẹ́ bíríkìlà kọ́ ni a wá kọ́ níhìn-ín. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá dé ìletò, òun ni àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀ràn ilé lọ̀, nítorí pé ó mọ ìwọ̀n, ó sì lè ya àwòrán sórí ìwé. Inú ohun tí ó bá yà ni ìdílé kan yóò máa gbé títí ọmọ wọn yóò fi bímọ.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí ni ilé tí àwọn ẹbí wa kọ́ ní Ìlaro. Ilé alámọ̀ ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, òpó igi sì ni ó gbé etí òrùlé ró. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ìyá àgbà ti ń bó ẹ̀gúsí, níbẹ̀ ni àwa ọmọ ti ń ka ìwé, níbẹ̀ ni a sì ti ń gba àlejò. A wó o. A fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé onípáànù rọ́pò rẹ̀: yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, yàrá mẹ́rin lósì, wọ́n kọjú sí ara wọn, ọ̀nà tóóró kan sì la àárín wọn kọjá. Ilé náà gba gbogbo ilẹ̀ tán. Bí ẹ bá wọ inú ọ̀nà àárín yẹn ní ọ̀sán gangan, ògiri ni ẹ ó máa fọwọ́ tọ́. Kò pẹ́ tí a kó wọlé ni ìyá àgbà kọsẹ̀ lára garawa omi tí kò rí, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi ọdán ní iwájú ilé aládùúgbò. Mo bi í pé, “Ìyá àgbà, kí ni ẹ ń ṣe níhìn-ín nígbà tí a ti kọ́ ilé tuntun fún yín?” Ó ní, “Ọmọ mi, ojú mi ni mo gbé wá síbi tí ó ti lè ríran.”

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìtàn. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó sọ ilé alọ́nà-àárín di ohun iyì láàrin wa. Ṣùgbọ́n àjà ilé tiwọn ga, fèrèsé wọn tóbi ó sì gùn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti owó kòkó gbé àṣà náà wọ inú ilẹ̀, ọ̀nà àárín ni a mú, a fi fèrèsé sílẹ̀ ní Èkó. Èkó pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ ilé tí ó há. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1924, inú àwọn ilé tí ó fún mọ́ra, tí òkùnkùn kún, ni eku ti rí ibùgbé. Ní ọdún 1928 ni ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe.

Èmi kò sọ pé ilé àwọn baba wa kò ní àbùkù. Ẹni-ọ̀wọ̀ Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé tí ó yí gbàgede ńlá ká, tí ó sì ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun tí èmi fi ojú ara mi rí nínú ilé tiwa ni pé yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín sì ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Yàrá wà fún oorun àti fún ìpamọ́ ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé. Àṣìṣe tiwa ni pé a wó ibi tí a ń gbé, a sì sọ ibi tí a ń sùn di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lo ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ nípa ayé àti oòrùn. Ìlaro wà ní nǹkan bí dìgírì 7 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Nítorí náà oòrùn a máa dúró gan-an lórí wa nígbà méjì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé òjìji rẹ̀ yóò pòórá, kì í ṣe ní agogo méjìlá, bí kò ṣe nígbà tí ó kù bí ìṣẹ́jú 10 kí agogo kan lù. Láàrin ìgbà méjì yìí, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà; ní ìyókù ọdún, apá gúúsù ni. Kò sì jìnnà sí àtàrí wa púpọ̀ níhà méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí etí òrùlé tí ó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 3 fi lè ṣíji bo fèrèsé ìhà wọ̀nyí ní ọ̀sán. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni kò ṣeé dí, nítorí ó ń ti ìsàlẹ̀ wọlé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rùsí gba ìyà ìwọ̀-oòrùn. Ní ti afẹ́fẹ́, láti ìhà òkun, ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ni ó ti ń fẹ́ wá jù lọ, àfi nígbà ọyẹ́. Yàrá tí ó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè mí, nítorí afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò ti ní rí ọ̀nà jáde.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, èyí tí fèrèsé ń mú wọlé kì í wúlò púpọ̀ ju ìlọ́po méjì gíga fèrèsé náà láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀. Bí òkè fèrèsé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò rẹ̀ nígbà tí ó bá rìn tó 14. Àárín ilé tí ó fẹ̀ tó 40 yóò ṣókùnkùn, bí a tilẹ̀ da fèrèsé yí i ká. Òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ lè gbà dé ibẹ̀, ìyẹn ni pé a ó fi àgbàlá sí i.

Bàbá kan nínú ẹbí wa sọ fún mi pé, “Àgbàlá kì í san owó ilé.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n kí a jọ ṣe ìṣirò. Àgbàlá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró gba ilẹ̀ yàrá kan péré, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá tí ó bá yí i ká ni yóò rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Wọ́n ní olè ńkọ́? Mo ní fèrèsé tí ó kọjú sí ìta ni à ń tì pa lálẹ́ nítorí olè. Èyí tí ó kọjú sí àgbàlá lè ṣí sílẹ̀ di òwúrọ̀, kìkì kí a na àwọ̀n sí i nítorí ẹ̀fọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ yà á wá.

Ẹbí ti gbà báyìí pé kí a ṣí òrùlé ọ̀kan nínú àwọn yàrá àárín, kí a wó ògiri rẹ̀ tí ó kọjú sí ọ̀nà tóóró náà, kí a sì la fèrèsé láti inú yàrá méjì tí ó fi ẹ̀gbẹ́ tì í. Ìyá àgbà ti fi ọ̀pá sàmì sí ibi tí àpótí rẹ̀ yóò wà. Ibi tí omi òjò yóò gbà jáde ni a kò tí ì fẹnu kò lé lórí: bíríkìlà ní abẹ́ ọ̀nà àárín, èmi ní ìhà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ti dà.