Ta Ló Máa Gbẹnu Sọ fún Wa Lórí Agbami Òkun?

Bí òkun bá ti kọjá máìlì òkun 200 sí etíkun, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní UN lọ́dún 2023 láti dáàbò bo ohun abẹ̀mí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 17, 2026. Ó ní kí èrè oògùn tí wọ́n bá fi wọ́n ṣe kárí, àmọ́ ìpàdé ló máa sọ bó ṣe máa kárí. Kí ìjọba wa má kàn kó àwọn ọ̀gá tó fẹ́ lọ ra bàtà bọ̀ lọ o! Ẹ mú àwọn onímọ̀ òkun NIOMR l'Ékòó dání. Ẹ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ náà. Kí ẹ sì máa rán àwọn kan náà lọ. Ìwé àdéhùn yẹn gùn, ẹni tuntun ò lè kà á tán nínú bàálù.